Òǹwòran Tí Kò Gbọdọ̀ Sọ̀rọ̀

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ìwọ ọ̀dọ́ Àgọ́-Àmọ́dù tó ń kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì, òwe yìí ni kí o gbé dání lọ síbi ìdíje. Lójú pátákó, ọ̀la kì í pẹ́ dé: ẹnìkejì rẹ sún ọmọ kan ṣoṣo, ohun tí o ti ń wò látàárọ̀ ti di nǹkan mìíràn.

Àwa tí a dàgbà nídìí ọpọ́n ayò ní ìṣòro tiwa. Ojúlé 12, ọmọ 48, òǹwòran àìmọye. Bí ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta, bá fẹ́ jẹ ọ́, ẹnì kan á wúkọ́, ẹlòmíràn á pè ọ́ ní òpè, ojú rẹ á là. Níbi ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì, òǹwòran kò gbọdọ̀ lanu. Ìwọ nìkan lo máa ṣọ́ ara rẹ.

Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́ fún àwa tí kì í ṣe ọ̀gá. Wò ó: ọmọ funfun lo ń ta, ayaba rẹ ti jáde, ó ń lé ọba ẹnìkejì kiri, inú rẹ ń dùn. Ọba tìrẹ kò tíì kúrò nípò. Ẹnìkejì gbé ẹṣin wá sí apá òsì rẹ, o ò tiẹ̀ wò ó. Ẹṣin tún fò, ó bọ́ sójú c2. Ṣẹ́ẹ̀kì! Ó dojú kọ ọba, ó dojú kọ ilé-ìṣọ́ tó wà ní igun. Ayaba tí ì bá ṣọ́ ojú yẹn ti lọ sógun. Ọba á sá, ilé-ìṣọ́ á lọ.

Nítorí náà, kí o tó ro ète tìrẹ, bi ara rẹ pé: kí ni ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sún yìí ń wá? Ọmọ mi wo ni kò ní olùgbèjà? Òfin ìdíje ni pé ọmọ tí o bá fọwọ́ kàn láti ta, òun náà ni wàá ta. Fi ọwọ́ sábẹ́ itan títí ojú yóò fi wò tán. Aago ń sáré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìkánjú ló ń jẹ àkókò jù.

Má sì sọ pé Òkè-Ògùn tí Àgọ́-Àmọ́dù wà jìnnà. Ṣọ́ọ̀bù agẹrun kan ní Ìkòròdú ni Tunde Onakoya, gbajúmọ̀ ọmọ Nàìjíríà, ti kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, òun àti ẹnìkejì rẹ̀, Shawn Martinez, ta á fún wákàtí 64 ní Times Square, Níu Yọ́ọ̀kì.

Bí o bá pàdánù, bọ ẹnìkejì rẹ lọ́wọ́, kí o sì mú ìwé tí o kọ ìtayò náà sí. Bẹ̀ ẹ́ kí ẹ jọ tún un ta. Bi í léèrè ibi tí àyà rẹ̀ ti já. Ó lè jẹ́ ibi tí ìwọ kò tiẹ̀ dúró wò.