Ohun Tó Wà ní Kọ̀rọ̀ Etí: Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Pobè àti Sakété

Ọmọ mi, jókòó kí n bá ọ sọ̀rọ̀. Ojú ni ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń ṣìkẹ́: ẹ ń ra dígí, ẹ ń lé tìróò. Etí ńkọ́? Ọjọ́ tó bá ń dùn yín lẹ ń rántí pé ó wà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: ohun tó bá bàjẹ́ níwájú etí, dókítà lè tún un ṣe, ohun tó bá kú ní kọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, ó kú náà nìyẹn. Mo tò ó ní oókan-èjì kí o má baà ní o kò gbọ́.

1. Mọ bí etí ṣe rí kí o tó sọ pé ò ń tọ́jú rẹ̀. Apá mẹ́ta ni. Apá ìta ni ihò tí à ń rí. Ó lọ kan awọ tín-ín-rín tó ń gbọ̀n bí ohùn bá lù ú. Lẹ́yìn awọ náà ni apá àárín, níbi tí egungun wẹ́wẹ́ mẹ́ta ti ń ta ohùn sí ara wọn. Èyí tó kéré jù nínú wọn, nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta, ló kéré jù nínú gbogbo egungun ara èèyàn. Òun ló ń ti ohùn wọ kọ̀rọ̀ etí, tó ká kò bí ikarahun ìgbín, tí omi kún inú rẹ̀. Nínú omi yẹn ni nǹkan bí 15,000 ẹ̀yà wíwẹ́ wà, irun ń bẹ lórí wọn, àwọn ló sì ń ránṣẹ́ ohùn sí ọpọlọ. Ti adìyẹ bá kú, ó ń hù padà. Ti èèyàn kì í hù.

2. Má fi nǹkan ro etí, ì báà ṣe ìyẹ́ adìyẹ, kọ́kọ́rọ́, tàbí òwú orí igi. Ìdọ̀tí etí mọ ọ̀nà àbájáde fúnra rẹ̀. Ìwọ lò ń tì í wọlé. Má sì da kẹrosínì tàbí epo gbígbóná sí i.

3. Bí etí ọmọdé bá ń ṣọyún, má ní eyín ló ń hù. Ọ̀nà tóóró kan wà láti ẹ̀yìn ọ̀fun lọ sí apá àárín etí. Ti ọmọdé kúrú, ó sì tẹ́jú, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀fìnkìn fi ń gùn ún. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, awọ etí ti lè lu, àrùn náà sì lè jẹ egungun wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn, kó tún wọ inú lọ.

4. Bí wọ́n bá fẹ́ gún ọ ní abẹ́rẹ́, béèrè orúkọ rẹ̀ àti iye ọjọ́ tí o máa gbà á, torí abẹ́rẹ́ mìíràn lè ba etí jẹ́. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ní Pobè wa, ta ni kò mọ ilé ìwòsàn egbò Buruli? Ní 2004 Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a máa fi abẹ́rẹ́ streptomycin àti oògùn rifampicin wo egbò náà, lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Egbò ń jinná, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n streptomycin a máa wọ inú omi kọ̀rọ̀ etí, ó sì lè pa àwọn onírun tí mo wí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dán oògùn oníhóró, clarithromycin, wò dípò abẹ́rẹ́ láàárín 2013 sí 2017, ní ibùdó mẹ́rin ní Gánà àti ẹyọ kan ní Benin: Pobè yìí kan náà. Èèyàn 310 ló kópa. Nínú ọgọ́rùn-ún tó gba abẹ́rẹ́, 95 jinná láàárín ọdún kan. Nínú ọgọ́rùn-ún tó gbé hóró mì, 96. Ẹnì kan nínú àwọn alábẹ́rẹ́ ni etí rẹ̀ bàjẹ́ débi pé wọ́n dá ìtọ́jú rẹ̀ dúró ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Hóró ni wọ́n ń lò báyìí.

Mi ò ní kí o sá fún abẹ́rẹ́ o. Gentamicin, ọmọ ìyá streptomycin, ń gba ẹ̀mí ìkókó là. Ṣùgbọ́n bí etí bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, sọ fún nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà gan-an. Kí aboyún sọ pé òun lóyún, torí streptomycin lè ba etí ọmọ inú jẹ́. Ẹni tó ra abẹ́rẹ́ lórí àtẹ, ta ló máa bi? Lóṣù kejì 2017 ni ìjọba kó ọjà oògùn orí àtẹ Adjégounlè ní Dantokpa, ní Cotonou. Ẹ má tún un kọ́ sílé wa.

5. Jìnnà sí ariwo. Níbi ìnáwó òkú, ẹ̀yin lẹ máa ń tẹ́ àga síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn bí ẹni pé oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní etí àgbàlagbà lè gba ariwo 80 décibel fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Bó bá di 90, wákàtí mẹ́rin péré ni. Bí ẹni tó dúró tì ọ́ bá ní láti pariwo kí o tó gbọ́, ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìwọ tó ń lọ àgbàdo fún gbogbo àdúgbò, wá ohun dí etí. Écouteur tí ẹ ń kì bọ etí náà kò yàtọ̀: dín in kù.

6. Má fi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́ bó bá ń wí pé "kí lo wí?" Àwọn onírun tó wà lẹ́nu ọ̀nà ìgbín yẹn, ohùn tó rinlẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń gbọ́, ohùn tínrín ni; àwọn ni ọjọ́ orí, ariwo àti abẹ́rẹ́ sì ń kọ́kọ́ pa. Ìró f àti ṣ tínrín. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ èdè wa rinlẹ̀. Nítorí náà, bàbá rẹ ń gbọ́ ìlù ketekete, ṣùgbọ́n o ní "fọ́", ó gbọ́ "ṣọ́". Ẹ wá ń sọ pé ohun tó wù ú ló ń gbọ́! Má lọgun mọ́ ọn. Kọjú sí i, kí o rọra sọ ọ́.

7. Bí òòyì bá ń kọ́ ìyá rẹ, má tètè pe àjẹ́ sí i. Ẹ̀gbẹ́ ìgbín etí náà ni ihò róbótó mẹ́ta tó ń jẹ́ ká dúró ṣinṣin wà. Òkúta wẹ́wẹ́ kan lè yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀ wọ inú wọn, yàrá á wá máa yí po bó bá ti yíra padà lórí ibùsùn. Dókítà tó mọṣẹ́ ń yí orí aláìsàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, òkúta á padà sáyè. Ní 1861 ni Prosper Ménière, dókítà ará Faransé, ti fi hàn pé òòyì tó bá bá etí híhó àti àìgbọ́ràn rìn lè wá láti inú etí.

8. Bí etí kan bá dédé dí pa láàárín ọjọ́ kan, láìsí ìdọ̀tí, láìsí ọ̀fìnkìn, má sùn lé e. Oògùn tó lè gbà á wà, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló sì wúlò jù. Bí o kò bá rí dókítà etí ní Pobè tàbí Sakété, wọkọ̀ lọ Porto-Novo tàbí Cotonou lọ́jọ́ náà. Má dúró de ọjọ́ ọjà.