Ẹ̀sọ̀ Tó Ń Ba Gíà Jẹ́

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le. Òwe yìí ni àbúrò mi kan tó ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, fi dá mi lóhùn nígbà tí mo kìlọ̀ fún un nípa ọkọ̀ tó fẹ́ rà. Ọkọ̀ eléré ni, Porsche Cayman àlòkù, èyí tó ní gíà oníkílọ́ọ̀ṣì méjì tí wọ́n ń pè ní PDK. Ó fẹ́ máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, kó sì máa fi gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sọ́jà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣèyọnu. Mi ò ní sáré. Jẹ́jẹ́ ni màá máa wà á."

Mo rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ọkọ̀ máńúà ní kílọ́ọ̀ṣì kan, ẹsẹ̀ òsì awakọ̀ ló sì ń tẹ̀ ẹ́. Nínú gíà tí mo ń wí yìí, kílọ́ọ̀ṣì di méjì. Ọ̀kan ló ni gíà kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún àti ìkeje. Èkejì ló ni ìkejì, ìkẹrin àti ìkẹfà. Bí ẹ bá wà ní gíà kẹta, tí ọkọ̀ ń sáré sí i, kọ̀ǹpútà ti gbé ìkẹrin kalẹ̀ dè yín. Bí kílọ́ọ̀ṣì kan ṣe ń tú ni èkejì ń dì, kí ẹ tó ṣẹ́jú, gíà ti yí. Adolphe Kégresse, ẹlẹ́rọ ará Faransé, ti ro èrò yìí láti ọdún 1939, àmọ́ kò sí kọ̀ǹpútà tí yóò máa darí rẹ̀ nígbà náà. Porsche fi díje nínú ọkọ̀ 956 láàárín àwọn ọdún 1980. Ọdún 2003 ló tó dé inú ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè rà láti wà lójú títì, ìyẹn Volkswagen Golf R32. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ ra Corvette tó jáde láti 2020 kò tilẹ̀ lè rí máńúà rà mọ́. Oníkílọ́ọ̀ṣì méjì nìkan ló wà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n wo ibi ẹsẹ̀, wọ́n rí bírékì, wọ́n rí ibi tí a ti ń tẹná, wọn ò rí kílọ́ọ̀ṣì, wọ́n bá pè é ní òtòmátíìkì. Bí a ti wù kí a se ebòlò tó, kò ní ṣàì rùn ìgbẹ́. Máńúà ni ọkọ̀ yẹn. Ẹ̀rọ ló kàn ń bá yín tẹ kílọ́ọ̀ṣì.

Nínú òtòmátíìkì ti àtijọ́, ọ́ìlì ló wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà. Bí ọkọ̀ bá ń rákò, ọ́ìlì yẹn ló ń yí po, kò sí irin tó ń ha irin. Nínú ti oníkílọ́ọ̀ṣì méjì, àwo ló ń fara kan àwo. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, àwo méjèèjì dì pinpin, wọn kì í ha ara wọn. Ṣùgbọ́n nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí ẹ tú bírékì díẹ̀, tí ọkọ̀ rọra ń fà bí ìgbín, kílọ́ọ̀ṣì kò dì tán, kò sì tú tán. Ó ń yọ̀, ó ń gbóná, ó ń jẹ ara rẹ̀. Ẹni tó fi wákàtí kan rọra rákò ní Old Kent Road, ní Lọ́ńdọ̀nù, ń jẹ gíà ju ẹni tó fi wákàtí kan sáré lójú ọ̀nà tó dán. Àwọn àgbà tó pa òwe ẹ̀sọ̀ kò rí irú ọkọ̀ yìí. Ẹ̀sọ̀ tirẹ̀ ni pé, bó bá máa lọ, kó lọ. Bó bá máa dúró, kó dúró.

Oríṣi méjì ló wà, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n pa á pọ̀ fún yín. Ọ̀kan ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì, ìyẹn ń kó ooru rẹ̀ lọ. Èkejì gbẹ, kò sí ọ́ìlì lára kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ rárá. Inú ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n fẹ́ kó má jẹ epo ni wọ́n sábà ń fi èyí tó gbẹ sí, òun ló sì ba gbogbo ìdílé lórúkọ jẹ́. Lọ́dún 2013, Volkswagen ní láti pe ọkọ̀ 384,181 padà ní Ṣáínà nítorí gíà wọn. Lọ́dún 2018, ilé ẹjọ́ ní Ọsirélíà bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 dọ́là ti ilẹ̀ wọn fún Ford, nítorí bó ṣe hùwà sí àwọn oníbàárà tó wá fi ẹjọ́ irú gíà bẹ́ẹ̀ sùn. Ọkọ̀ eléré kọ́ ni wọ́n. Ti Cayman, ti Golf GTI, ti Nissan GT-R, inú ọ́ìlì ni gbogbo wọn ń wẹ̀, wọ́n sì lágbára dáadáa bí a bá ń tọ́jú wọn.

BMW ní tirẹ̀ ti kúrò nídìí kílọ́ọ̀ṣì méjì nínú àwọn ọkọ̀ M, ìyẹn àwọn ọkọ̀ eléré rẹ̀. M5 tó jáde lọ́dún 2017 padà sí òtòmátíìkì gidi. Kì í ṣe pé ti tẹ́lẹ̀ ń kú lójú ọ̀nà. Òtòmátíìkì ló ti yá bíi tirẹ̀, tó sì tún rọra ń rìn jù ú lọ. Ní tèmi, wọ́n gbọ́n. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ń mú un sùn sórí afárá Third Mainland láràárọ̀, nínú oòrùn Èkó, òtòmátíìkì ni kó rà, kó fi eré sílẹ̀ fún ọjọ́ Sunday.

Bí oníkílọ́ọ̀ṣì méjì bá wu yín dandan, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà níwájú yín lọ tó ìwọ̀n ọkọ̀ kan tàbí méjì, kí ẹ tó tú bírékì pátápátá, kí ẹ lọ. Bí ẹ bá dúró, ẹ tẹ bírékì dáadáa; ìgbà yẹn ni gíà máa tú kílọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ̀ tó kàn ń fara kan bírékì, tó fẹ́ dúró tí kò fẹ́ dúró, òun ni apani. Lórí òkè, ẹ má ṣe fi iná gbé ọkọ̀ dúró. Ọ́ìlì ńkọ́? Gíà Volkswagen onípele mẹ́fà tó ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì, 60,000 kìlómítà ni wọ́n ní kí a máa pààrọ̀ tirẹ̀. Ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ bá dárúkọ ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyíkéyìí tí mẹkáníìkì bá ní nínú kẹ́ẹ̀gì.

Ojú tó máa báni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin. Mo sọ fún àbúrò mi pé kó lọ wo ọkọ̀ náà láàárọ̀ kùtù, kí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, kó rọra fi ẹ̀yìn wakọ̀ gun òkè díẹ̀, kó wò ó bóyá yóò gbọ̀n, kó sì béèrè ìwé ẹ̀rí ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó lọ wò, ó fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbóná fòò. Ẹni tó fẹ́ tà á ti gbé e jáde kó tó dé. Àbúrò mi kí i pé ó dàbọ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì padà sílé.

Èkejì ló rà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó tì í ní Old Kent Road, ó fi àyè ńlá sílẹ̀ níwájú. Bọ́ọ̀sì kan yà wọ inú àyè náà. Ẹni tó wà lẹ́yìn wa ń fọn fèrè kíkankíkan. Àbúrò mi ò wẹ̀yìn, kò tú bírékì.