Pápákọ̀ Òfurufú Kékeré ní Port Harcourt

Pápákọ̀ òfurufú méjì ló wà ní Port Harcourt. Èyí tí àwọn arìnrìn-àjò mọ̀ jù wà ní Omagwa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ikwerre. Èkejì kéré sí i, ìgboro ló wà, ní ọ̀nà Aba, abẹ́ àwọn ọmọ ogun òfurufú ló sì wà.

Ẹni tó lè ni irú pápákọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ìbílẹ̀ abúlé lè ní tirẹ̀, tí àgbẹ̀ àti ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù jọ ń lò. Ní Nàìjíríà, òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ òfurufú sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ìpínlẹ̀ lè kọ́ pápákọ̀, bí Akwa Ibom àti Bayelsa ti ṣe. Iléeṣẹ́ epo náà lè kọ́ ọ. Àmọ́ NCAA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òfurufú, ló ń fún wọn láṣẹ.

Iṣẹ́ hẹlikọ́pítà pọ̀ ní pápákọ̀ ìgboro Port Harcourt. Lójú agbami òkun ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ epo wà, ọkọ̀ ojú omi sì máa ń pẹ́ kó tó débẹ̀. Hẹlikọ́pítà kò nílò kó sáré jìnnà kó tó gbéra, ó sì lè bà sórí ọkọ̀ epo láàárín omi. Kí èrò tó wọlé, wọ́n á wọn òun àti ẹrù rẹ̀, nítorí bí ẹrù bá ti wúwo tó ni epo tí awakọ̀ lè gbé ṣe máa dín kù. Ẹni tó bá ń tijú ìwọ̀n kò ní gbádùn ìrìn yìí. Èrò á wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ṣáájú èyí, wọ́n á ti kọ́ ọ nínú adágún omi bí èèyàn ṣe ń ti fèrèsé jáde nígbà tí hẹlikọ́pítà bá dojú dé sínú omi. Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe àṣejù: ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, hẹlikọ́pítà kan gbéra ní pápákọ̀ ìgboro yìí pẹ̀lú èèyàn mẹ́jọ, ó sì já sínú òkun nítòsí Bonny.

Bàálù tó ní apá ló nílò ojú ọ̀nà gígùn. Nọ́ńbà ni wọ́n máa ń fi ọ̀dà funfun kọ sí ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì. Ti Omagwa jẹ́ 03 àti 21. Ara kọ́ńpáàsì ni wọ́n ti mú un: ìwọ̀n bí 030 àti 210 ni, òdo ìkẹyìn ni wọ́n yọ kúrò. Àpò aṣọ kan tún máa ń wà lórí òpó, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kí awakọ̀ lè mọ ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Ìhà ibẹ̀ ló máa ń kọjú sí tó bá fẹ́ bà, kí ìsáré bàálù lè rọlẹ̀.

Ọgbà tó yí pápákọ̀ ká náà ṣe pàtàkì. Ní oṣù Keje, ọdún 2005, bàálù Air France kọlu màlúù lójú ọ̀nà Omagwa.

Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2006, wọ́n ti Omagwa pa láti tún ojú ọ̀nà rẹ̀ ṣe. Títí di oṣù Kejìlá, ọdún 2007, àwọn èrò kan ń sọ̀ ní Owerri, wọ́n sì ń wọ mọ́tò wá sí Port Harcourt. Bàálù kéékèèké ń bà sí pápákọ̀ ìgboro.