Kékeré Ni Ológbò Ti Ń Mọ Ọwọ́ Èèyàn

Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Àwọn òbí la sábà máa ń pa òwe yìí fún, ṣùgbọ́n ó kan ẹni tó fẹ́ sin ológbò náà.

Ní ìlú Bìní, eku ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn wá ológbò. Ìpínlẹ̀ Ẹdó wà lára ibi tí ibà Lassa ti ń dààmú aráàlú jù lọ ní Nàìjíríà, eku ló sì ń gbé e kiri. Lóòótọ́, oúnjẹ tí a dé pa ni ààbò àkọ́kọ́, síbẹ̀ ẹni tó ń ta ìrẹsì tàbí gàrí lọ́jà Uselu á tún fẹ́ olùrànlọ́wọ́. Ló bá ra ọmọ ológbò tí kò tíì kúrò lẹ́nu ọmú, ó so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, ó so ìdí okùn mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì. Àtàárọ̀ dalẹ́ ni ẹsẹ̀ oníbàárà ń ré e kọjá. Àwọn ọmọdé ń fà á nírù. Ẹlòmíràn ní àjẹ́ ni, ó ju bàtà lù ú. Nígbà tí okùn já, ó sá gun àjà. Olówó rẹ̀ nawọ́ sí i, ó fi èékánná ha á. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i, ológbò ò moore." Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ ló ń lò.

Ọjọ́ 7 sí 10 lẹ́yìn ìbí ni ojú ọmọ ológbò máa ń là. Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkeje ló ti ń mọ ẹni tó yẹ kó fọkàn tán. Ní àwọn ọdún 1980, Eileen Karsh ti Yunifásítì Temple ní Amẹ́ríkà rí i pé àwọn ọmọ ológbò tí èèyàn ti ń gbé mọ́ra láti ọ̀sẹ̀ kẹta máa ń tètè sún mọ́ èèyàn ju àwọn tí ọwọ́ kò kàn títí di ọ̀sẹ̀ keje. Àbímọ́ náà ń bẹ níbẹ̀: ní 1995, Sandra McCune fi hàn pé ọmọ tí baba rẹ̀ kì í bẹ̀rù èèyàn máa ń láyà ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ má gba ọmọ ológbò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 8. Ọ̀sẹ̀ 12 tilẹ̀ dára jù. Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ níbẹ̀ ni kí ẹ ti máa gbé e. Ẹ máa gbé e díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́, kí ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ jọ máa ṣe é. Ẹ fún ìyá lóúnjẹ nítòsí yín. Bí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀, ọmọ á wò ó kọ́. Ẹ má fi ìka bá a ṣeré, àkísà tí a so mọ́ igi ni kó máa lé. Ẹ má sì nà án: kò ní mọ̀ pé ẹja tóun jí ló fa ẹgba, ọwọ́ yín nìkan ló máa sá fún.

Ẹni tó fẹ́ rà, kó lọ wò ó níbi tí ìyá rẹ̀ wà. Kó jókòó, kó gbé ọwọ́ sílẹ̀, kó dákẹ́. Èyí tó bá wá gbóòórùn ọwọ́ náà ni kó mú. Tó bá pé oṣù mẹ́ta, kó gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi.

Èyí tó ti dàgbà sínú ìbẹ̀rù ńkọ́? Ẹ̀sọ̀-ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ẹ gbé oúnjẹ rẹ̀ síbì kan náà, lákòókò kan náà, kí ẹ jókòó lókèèrè. Ẹ má tẹjú mọ́ ọn. Ẹ rọra pa ojú dé, kí ẹ rọra là á. Ìwádìí Yunifásítì Sussex ní 2020 fi hàn pé ológbò máa ń rọra ṣẹ́jú padà bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń sún mọ́ ẹni tó bá ṣe é. Òmíràn ò ní jẹ́ kí a gbé òun láéláé. Bó bá ṣáà ń pa eku, iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ mú un wá ló ń ṣe. Ẹ fún un lóúnjẹ, kí ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀.