Ẹ̀kọ́ Kẹjọ: Ẹ̀fọn Tó Ń Ti Inú Sókáwéè Jáde, àti Ìdí Tí Àwọn Ènìyàn Fi Ń Ká Nẹ́ẹ̀tì Wọn Kúrò

Ẹ ti pín nẹ́ẹ̀tì. Ẹ ti kọ́ àwọn ará ilé bí wọn yóò ṣe so ó. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ padà lọ sí àgbàlá kan ní Adjamé tàbí ní Yopougon láti wò ó bóyá wọ́n ń sùn sábẹ́ rẹ̀, ẹ sì bá nẹ́ẹ̀tì náà ní kíká lórí àpótí aṣọ. Màmá tó ni yàrá sọ fún yín pé: "Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n nẹ́ẹ̀tì yín kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀fọn kò dín kù rárá. Ooru nìkan ló ń mú wa nínú rẹ̀."

Ẹ má ṣe bá màmá jiyàn. Òótọ́ ló ń sọ: ẹ̀fọn pọ̀ nínú ilé rẹ̀. Ohun tí kò tíì mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀fọn tó ń kùn létí rẹ̀ lálẹ́ kì í ṣe irú èyí tó ń kó ibà ran ọmọ-ọmọ rẹ̀, àti pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa ti inú sókáwéè tó wà lẹ́yìn ilé jáde. Ẹ̀kọ́ yìí yóò ràn yín lọ́wọ́ láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún un, kí ẹ sì bá wọn dí ibi tí ẹ̀fọn ń gbà jáde. Bí a kò bá ṣe é, àwọn ọmọdé yóò máa sùn láìsí nẹ́ẹ̀tì nítorí ẹ̀fọn tí kì í ṣe òun ni nẹ́ẹ̀tì náà wá bá jà.

Ẹ̀fọn kì í ṣe irú kan ṣoṣo

Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Anopheles. Alẹ́ ló ń jẹni. Tó bá bà sára ògiri, ṣe ló máa ń gbé ìdí sókè bí ẹni tó fẹ́ ta kìtì. Omi tí oòrùn ń rí ló fẹ́ràn láti yé ẹyin sí: adágún omi òjò lójú ọ̀nà, ipa táyà ọkọ̀ tó gba omi dúró, ihò omi tí àwọn olóko ẹ̀fọ́ gbẹ́ sí àwọn ibi ọ̀gbun ìlú.

Èyí tó ń ti sókáwéè wá ni Culex. Ara rẹ̀ máa ń tẹ́ lórí ògiri, kì í gbé ìdí sókè. Omi ẹlẹ́gbin tó wà nínú òkùnkùn gan-an ló wù ú. Alẹ́ lòun náà ń jẹni, inú yàrá ló sì máa ń wọlé sí, ìdí nìyẹn tí ènìyàn kì í fi lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín, kì í kó ibà ranni. Oorun ló ń bà jẹ́.

Ẹ̀kẹta tún wà, Aedes, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní funfun àti dúdú, tó ń jẹni lọ́sàn-án. Òun ló tan ibà dengue ká Abidjan ní 2017, pàápàá ní Cocody. Inú kòròfo agolo, táyà àti ìkòkò omi ló sábà máa ń pamọ sí, nítorí náà ẹ̀kọ́ mìíràn ni tirẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti December lọ, adágún omi òjò máa ń gbẹ, Anopheles a sì dín kù. Ṣùgbọ́n sókáwéè kì í gbẹ, torí ojoojúmọ́ ni à ń da omi sí i. Culex kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn. Bí wọ́n bá wá pín nẹ́ẹ̀tì ní irú àkókò yẹn, tí ẹ̀fọn sì ń kùn síbẹ̀, ẹ ò rí i pé ó rọrùn fún ènìyàn láti dá nẹ́ẹ̀tì lẹ́bi?

Òótọ́ mìíràn wà tí kò yẹ kí ẹ fi pa mọ́. Ní Bouaké, ní 1993, àwọn onímọ̀ rí i pé oògùn pyrethroid tí wọ́n ń fi sára nẹ́ẹ̀tì kò fi bẹ́ẹ̀ pa Anopheles ibẹ̀ mọ́. Culex pàápàá tiẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó lè bà sára nẹ́ẹ̀tì kó sì fò lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nẹ́ẹ̀tì tuntun fi ní oògùn kejì tí a pò mọ́ ti àkọ́kọ́. Tí ènìyàn bá rí ẹ̀fọn tó ṣì ń fò lórí nẹ́ẹ̀tì, ẹ sọ fún un pé aṣọ náà fúnra rẹ̀ ṣì ń dáàbò bò ó bí kò bá ya, tó sì tẹ̀ ẹ́ bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì dáadáa.

Ohun tó wà nínú sókáwéè

Nílé, sókáwéè ni ọ̀pọ̀ wa ń pe gbogbo rẹ̀. Ní Abidjan, wọ́n ń pe àkọ́kọ́ ní fosse septique, wọ́n sì ń pe kòtò tó tẹ̀ lé e ní puits perdu. Fosse septique jẹ́ àpótí kọnkéré tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tí ògiri kan sábà máa ń pín sí yàrá méjì. Ohun tó bá ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wá ń kọ́kọ́ wọ yàrá àkọ́kọ́. Èyí tó wúwo á rì sísàlẹ̀, á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ọ̀rá àti ọṣẹ á léfòó, wọn á dì bí awọ lójú omi. Omi àárín ló ń kọjá sí yàrá kejì, tí á sì ti ibẹ̀ lọ sínú puits perdu, kí ilẹ̀ lè fà á mu. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò rí ń jẹ ìdọ̀tí náà, wọ́n sì ń dín in kù, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ ẹ́ tán. Ohun tó ṣẹ́ kù ni tánkà ń wá fà.

Tanwíjí, ìyẹn ọmọ ẹ̀fọn tó ń jà pìtìpìtì nínú omi, gbọ́dọ̀ yọ ìdí sójú omi kó tó lè mí. Nítorí náà, yàrá kejì àti puits perdu ló máa ń pọ̀ sí jù, torí awọ tó dì lójú omi ibẹ̀ kò nípọn. Abo Culex kan lè yé ẹyin tó ju 100 lọ lẹ́ẹ̀kan, láàárín bí ọjọ́ 10 wọ́n sì ti di ẹ̀fọn. Sókáwéè kan ṣoṣo tó ní ihò lè dààmú gbogbo àgbàlá, kódà àti ti aládùúgbò.

Ẹ wá ibi tí wọ́n ń gbà jáde

Ẹ ní kí ẹni tó ni ilé tàbí alábòójútó ilé bá yín yí àgbàlá ká. Ẹ má ṣe nìkan lọ wo sókáwéè onílé. Ìwà àrífín ni, wọ́n sì lè rò pé ìjọba ló rán yín wá bu owó ìtanràn lé wọn. Ojú ibi mẹ́rin ni kí ẹ tẹ̀ mọ́: etí ìdérí kọnkéré, ojú ibi tí páìpù ti wọlé, orí páìpù tó ń gbé òórùn jáde, àti ìdérí puits perdu, èyí tó jẹ́ pé pákó tàbí páànù àtijọ́ ni wọ́n máa ń fi bò ó nígbà mìíràn.

Bí ẹ kò bá dá a lójú, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ di orí páìpù náà ní ọ̀sán, kí ẹ fi rọ́bà so ó le. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ pe àwọn ará ilé wá wò ó. Bí páìpù náà bá ń tú ẹ̀fọn jáde, ẹ óò rí wọn lábẹ́ aṣọ. Mo mọ̀ pé ohun tí màmá bá fi ojú ara rẹ̀ rí yìí wúlò ju wákàtí kan tí a fi ń ṣàlàyé lọ.

Bí a ṣe ń dí i

Símẹ́ńtì díẹ̀ tí a pò mọ́ iyanrìn tó fún etí ìdérí àti ojú páìpù. Àmọ́, ibi tí tánkà yóò máa gbà fa ìdọ̀tí, ẹ má ṣe lẹ̀ ẹ́ pa. Ìdérí tó sé dáadáa tó sì ṣeé ṣí ni kó ní. Orí páìpù ni kí ẹ so nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé mọ́, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà Adjamé ní mítà-mítà. Ẹ má ṣe di páìpù náà pa, torí afẹ́fẹ́ tó wà nínú sókáwéè gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Ẹ yẹ nẹ́ẹ̀tì yìí wò lọ́dọọdún, torí oòrùn máa ń gé e.

Ẹnìkan yóò bi yín bóyá òun lè gé nẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀dì fún iṣẹ́ yìí. Èyí tó ṣì ṣeé sùn sábẹ́ rẹ̀, rárá o, kódà bó bá ní ihò kékeré. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rán an. Èyí tó ti gbó pátá, tí òmíràn sì ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ni ẹ lè lò bí ètò ìpín nẹ́ẹ̀tì àdúgbò yín bá fàyè gbà á.

Ibì kan tún wà tí àwa ará ilé kì í rántí. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà ní Abidjan ló máa ń lọ sílé, sí Ẹ̀jìgbò àti àwọn ìlú tó yí i ká, fún oṣù kan tàbí méjì. Bí a bá ti yàrá pa, omi tó wà nínú ọrùn àwo ìgbọ̀nsẹ̀ máa ń gbẹ, ẹ̀fọn a sì rí ọ̀nà gba inú páìpù gòkè wọ ilé. Kí ẹni tó ń lọ da omi sí i, kó fi nǹkan bo àwo náà mọ́lẹ̀, tàbí kó bẹ aládùúgbò kó máa bá òun da omi sí i.

Ohun tí wọ́n ń dà sínú rẹ̀

Àwọn kan á ní àwọn ti rí ọgbọ́n sí i: epo ọkọ̀ tó ti dúdú, kẹrosíìnì, tàbí Javel. Lóòótọ́, epo lè pa tanwíjí fún ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń bá omi wọ ilẹ̀, ibẹ̀ ni kànga aládùúgbò sì wà. Javel púpọ̀ ń pa àwọn kòkòrò tó ń jẹ ìdọ̀tí, sókáwéè a sì tètè kún. Òróró tó ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n ti din àlókò, ọ̀rá láti inú ìkòkò, òrá tí wọ́n fi ń ta omi, aṣọ nǹkan oṣù: kò sí èyí tó yẹ kó wọ ibẹ̀. Ọ̀rá ló ń dí puits perdu, bó bá sì ti dí, omi á gòkè wá sójú ilẹ̀.

Tánkà àti afẹ́fẹ́ tó ń pani

Fún ìdílé kan, tánkà máa ń wá fà á láàárín ọdún 3 sí 5. Nínú àgbàlá tí yàrá 10 ti ń lo sókáwéè kan, kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá ti tó ìdá kan nínú mẹ́ta jíjìn rẹ̀, àkókò ti tó. Ẹ má ṣe dúró dìgbà tí àwo yóò máa pọ̀ padà. Kí onílé béèrè lọ́wọ́ mairie nípa àwọn tó ní ìwé àṣẹ, kó sì bi onítánkà léèrè ibi tó ń lọ dà á sí. Ẹni tó bá dà á sínú gọ́tà òru, ẹ̀yin kan náà ló ń dà á padà fún.

Ọ̀rọ̀ owó ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Onílé ń gbé ibòmíràn, ó ní àwọn ayálégbé ló ń lò ó. Àwọn ayálégbé ní ilé tàwọn kọ́. Ẹ̀yin kì í ṣe adájọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ lè sọ pé nẹ́ẹ̀tì orí páìpù àti símẹ́ńtì kò tó owó tánkà rárá, kí wọ́n kọ́kọ́ dá owó ìyẹn jọ ní yàrá-yàrá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹnu mọ́ èyí ní gbogbo ilé: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ inú sókáwéè, ì báà ṣófo. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè pa ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí wọ́n má ṣe tan iná tàbí mu sìgá nítòsí rẹ̀ nígbà tó bá ṣí. Bí ẹnìkan bá ṣubú sínú rẹ̀, kí ẹlòmíràn má ṣe bẹ́ sí i láti yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni méjì àti mẹ́ta ṣe ń kú lórí ẹnì kan. Nọ́ńbà pànápaná ní Côte d'Ivoire ni 180.

Àdúgbò etí ọ̀sà

Ní Abobo àti Yopougon tó wà lókè, ilẹ̀ sábà máa ń fa omi mu. Ní Treichville, Koumassi, Marcory àti Port-Bouët, omi inú ilẹ̀ kò jìnnà. Bí òjò June bá dé, puits perdu kò níbi tí yóò da omi sí, omi á sì wà níbẹ̀ fún tanwíjí. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ìdérí àti nẹ́ẹ̀tì orí páìpù ni kí ẹ gbójú lé, kí wọ́n sì fa sókáwéè kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ní May.

Ẹ lè gbọ́ nípa ohun tí wọ́n ṣe ní Makunduchi, ní erékùṣù Zanzibar, ní ìparí àwọn ọdún 1980. Wọ́n da èkúnkún fóòmù kéékèèké sínú àwọn ṣáláńgá tó ní omi, ó sì bo ojú omi débi pé tanwíjí kò lè mí. Culex dín kù gidigidi níbẹ̀. Ọgbọ́n dáadáa ni fún kòtò tí omi kì í ya. Ní àdúgbò tí àgbàrá ti ń gbé nǹkan lọ, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀: inú ọ̀sà ni fóòmù náà yóò lọ.

Nígbà tí ẹ bá padà lọ

Ẹ padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má ṣe lọ lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀fọn tó ti jáde ṣáájú kí wọ́n tó dí ihò ṣì wà láyé, kí ẹ sì ti sọ èyí fún wọn tẹ́lẹ̀ kí wọ́n má bàa ní ẹ tún parọ́. Ẹ wo nẹ́ẹ̀tì orí páìpù. Lẹ́yìn náà, ẹ bi màmá pé: "Ta ló sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì lánàá?" Ẹ má ṣe bi í pé "Ṣé ẹ ń lò ó?" torí bẹ́ẹ̀ ni ni yóò dá yín lóhùn. Ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 àti ti aboyún tó bá wà ní ilé sínú ìwé yín, kí ẹ sì fi àmì sí ẹgbẹ́ èyí tó sùn sábẹ́ rẹ̀.