"Mo Rí" àti "Wọ́n Ní": Àyẹ̀wò Àhesọ àti Ẹ̀rí nínú Ọ̀ràn Ìpànìyàn Godwin Agbroko ní Ìsọlọ̀

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àyẹ̀wò bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo èdè nígbà tí wọ́n bá pa ènìyàn tí ọwọ́ kò sì tẹ ẹni tí ó pa á. Ikú Godwin Agbroko, alága ìgbìmọ̀ olóòtú ìwé ìròyìn ThisDay, tí wọ́n yìnbọn pa ní Ìsọlọ̀ ní ọdún 2006, ni iṣẹ́ yìí mú gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ohun tí ó hàn ni pé èdè Yorùbá ní àwọn wúnrẹ̀n tí ó ń ya ohun tí a rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a gbọ́ àti ohun tí a rò. Bí àwọn wúnrẹ̀n wọ̀nyí bá bọ́ kúrò lẹ́nu àwọn ará ìlú, àhesọ a di ẹ̀sùn, ẹ̀sùn a di ìdájọ́, ẹ̀rí tòótọ́ a sì sọnù sínú ariwo.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí; ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dá ẹni tí ń sọ ọ́ lójú ni a sábà máa ń pa òwe yìí. Ṣùgbọ́n bí a bá tú u palẹ̀, ohun méjì péré ni ó wà nínú rẹ̀: igbe kan ní àná, ikú kan ní òní. Kò sí ẹni tí ó rí àjẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Ìbéèrè tí ó parí òwe náà ni ó so méjèèjì pọ̀, ìbéèrè náà kò sì retí èsì. Ẹni tí ó bá dáhùn pé òun kò mọ̀ yóò dà bí òpè láàárín àwùjọ.

Òwe mìíràn dúró ní òdì kejì: "Ìròyìn kò tó àfojúbà." Àárín òwe méjèèjì yìí ni ìwádìí ìpànìyàn máa ń há sí. Àwọn ará ìlú ni ojú àti etí ọlọ́pàá. Láìsí wọn, ìwádìí kò lè rìn jìnnà. Àwọn kan náà ni wọ́n sì lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu bo ipa tí ó yẹ kí ìwádìí tọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2006, wọ́n bá òkú Godwin Agbroko nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní ojú ọ̀nà ní Ìsọlọ̀. Ọta ìbọn kan ni ó bá a ní ọrùn. Àwọn ọlọ́pàá kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà bí iṣẹ́ adigunjalè. Nígbà tí ó yá, nítorí pé wọn kò kó ẹrù rẹ̀ lọ, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n dìídì wá pa á. Títí di òní, kò sí ẹni tí ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi lórí ikú náà.

Olóògbé náà kì í ṣe ẹni tí a kò mọ̀. Ó ti jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn The Week, ìjọba ológun sì fi í sí àtìmọ́lé ní ọdún 1996. Ní ọdún 1997, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé PEN ní Amẹ́ríkà fún un ní àmì-ẹ̀yẹ òmìnira ìkọ̀wé. Àsìkò tí ó kú pẹ̀lú gbóná. Ìdìbò oṣù Kẹrin ọdún 2007 ń bọ̀ lọ́nà, kò sì tíì ju oṣù márùn-ún lọ tí wọ́n pa Funsho Williams, ẹni tí ó ń du ipò gómìnà Èkó, nínú ilé rẹ̀ ní Ìkòyí. Ẹ̀rù ìpànìyàn olóṣèlú ti wà nílẹ̀ kí ìròyìn Ìsọlọ̀ tó dé. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn kò fi pẹ́ kí wọ́n tó rí ìtàn tí wọn yóò fi ikú náà sí.

Ta ni "wọ́n"?

Àkíyèsí àkọ́kọ́ jẹ mọ́ ìhun gbólóhùn. Bí Yorùbá kò bá mọ olùṣe tàbí tí kò bá fẹ́ dárúkọ rẹ̀, arọ́pò-orúkọ "wọ́n" ni ó máa ń lò: "Wọ́n jí ọkọ̀ náà gbé", "Wọ́n yìnbọn pa á". "Wọ́n" inú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò sọ iye ènìyàn. Ó lè jẹ́ ẹnì kan, ó lè jẹ́ mẹ́wàá. Kò sì sọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Àyè ni ó dì mú fún ẹni tí a kò mọ̀.

Ṣùgbọ́n etí kì í gbọ́ "wọ́n" kí ọkàn má bi í pé àwọn wo ni. Nítorí pé "wọ́n" náà ni arọ́pò-orúkọ ẹni kẹta ọ̀pọ̀, òǹgbọ́ tètè máa ń rò pé ẹgbẹ́ kan ni, pé ètò kan wà nídìí ọ̀rọ̀. Bí gbólóhùn náà bá tún gba ẹnu ẹlòmíràn, ó di "Wọ́n ní wọ́n pa á". "Wọ́n" ti di méjì: àwọn tí ó pa á, àti àwọn tí ó sọ pé wọ́n pa á. A kò mọ àwọn ti ìṣáájú, a kò sì mọ àwọn ti ìkẹyìn. Ibi tí àhesọ ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i: à-he-sọ, ohun tí a he tí a sì ń sọ. Ẹni tí ó he nǹkan lójú ọ̀nà kì í mọ ọwọ́ ẹni tí ó ti bọ́.

Orúkọ tí a sọ iṣẹ́ náà

Àkíyèsí kejì wà lórí ọ̀rọ̀-orúkọ. Orúkọ méjì ni ó gbajúmọ̀ fún irú àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ ibi yìí: adigunjalè àti agbanipa. Kò sí èyí tí ó jẹ́ àpèjúwe lásán nínú wọn. Ẹni tí ó bá pè é ní iṣẹ́ adigunjalè ti sọ pé owó tàbí ẹrù ni wọ́n ń wá, pé ẹnikẹ́ni tí ó bá kọjá ní wákàtí náà ni ì bá kú. Ẹni tí ó bá sì pe olùṣe ní agbanipa ti sọ pé ẹnì kan wà níbì kan tí ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó ti fi ẹlẹ́ṣẹ̀ kejì kún ti àkọ́kọ́.

Ohun kan náà ni àwọn tí ó di ìtàn kejì mú fi ń ti ara wọn lẹ́yìn: wọn kò kó ẹrù rẹ̀. Ẹ̀rí ni èyí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó láti parí ọ̀rọ̀. Olè lè yìnbọn kí ẹ̀rù bà á kí ó sì sá láìmú nǹkan. Ẹni tí ó wá pa ènìyàn sì lè kó ẹrù lọ kí a lè rò pé olè ni. Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i ní oṣù Kẹjọ ọdún 2008, nígbà tí wọ́n yìnbọn pa Abayomi Ogundeji, òun náà ọmọ ìgbìmọ̀ olóòtú ThisDay, ní Èkó. Ènìyàn méjì láti inú ìgbìmọ̀ kan, láàárín ọdún méjì: igbe àjẹ́ àti ikú ọmọ ti pàdé. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni kí olùwádìí béèrè bóyá nǹkan so ikú méjèèjì pọ̀. Àṣìṣe ni kí a fi ìbéèrè náà ṣe ìdáhùn.

Àdúgbò èrò

Irú àdúgbò tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ṣe pàtàkì. Ní ìlú kékeré, ẹni tí ó mú ọ̀rọ̀ wá ni a kọ́kọ́ ń wò: a mọ ilé rẹ̀, a mọ̀ bóyá òpùrọ́ ni, a mọ̀ bóyá ìjà wà láàárín òun àti ẹni tí ó ń fẹ̀sùn kàn. Òṣòdì kò rí bẹ́ẹ̀. Ibùdókọ̀ ńlá ni. Ṣáájú kí ìjọba Gómìnà Fáṣọlá tó wó àwọn ìsọ̀ tí ó kún ojú ọ̀nà níbẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009, èrò, ọjà àti ọkọ̀ ti dàpọ̀ mọ́ ara wọn. Ọ̀nà márosẹ̀ tí ó gba Òṣòdì lọ sí Àpápá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìsọlọ̀, ọ̀pọ̀ tí ó sì ń gbà á kì í ṣe ará ibẹ̀. Ẹni tí ó rí nǹkan lè ti wọ ọkọ̀ kejì kí ọlọ́pàá tó dé. Ẹni tí kò rí nǹkan ni ó sábà máa ń kù nílẹ̀ láti ròyìn. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn ju ẹni tí ó ni ín lọ, tí kò sì sí ẹni tí a lè bi pé, "Ojú rẹ ni àbí etí rẹ?"

Nígbà tí àhesọ bá di ìdájọ́

Àdúgbò kan náà ti rí ìhà kejì ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kejì ọdún 1999, ọlọ́pàá mú Clifford Orji ní ibùdókọ̀ Toyota lójú ọ̀nà Òṣòdì sí Àpápá, wọ́n sì fi ẹ̀sùn kàn án pé ó ń pa ènìyàn, ó sì ń jẹ ẹran ara wọn. Ariwo ta jákèjádò Nàìjíríà. Kò pẹ́ tí àhesọ fi fò kọjá ọkùnrin náà lọ bá àwọn olówó àti alágbára tí a kò dárúkọ, tí wọ́n ní òun ń ṣiṣẹ́ fún. Orji kú ní ẹ̀wọ̀n Kirikiri ní ọdún 2012 láìjẹ́ pé ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi tàbí dá a láre. Ọdún mẹ́tàlá kọjá, àhesọ kò dín, òtítọ́ kò sì pọ̀ sí i. Bí àwọn alágbára kan bá wà nídìí ọ̀rọ̀, wọ́n bọ́. Bí kò bá sì sí, ìlú ti fi ìgbà náà lé òjìji.

Ti Ìkòròdú burú ju èyí lọ. Ní ọdún 2016 àti 2017, àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Badoo ń pa ìdílé lóru, jìnnìjìnnì sì bo ìlú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ọdún 2017, apanilẹ́rìn-ín kan àti àwọn méjì tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ ń bọ̀ láti òde eré nígbà tí àwọn èrò fura sí wọn pé ọmọ Badoo ni wọ́n. Wọ́n pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ọ̀rọ̀ àwọn èrò yẹn, "ó jọ" ti di "òun ni" láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ̀rí lójú òfin

Ìyàtọ̀ tí èdè Yorùbá ń ṣe kò jìnnà sí ti òfin. Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà, ti ọdún 2011, sọ ní abala 126 pé ẹ̀rí ẹnu gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an wá: bí ó bá jẹ́ ohun tí a lè rí, ẹni tí ó rí i ni yóò jẹ́rìí, bí ó bá jẹ́ ohun tí a lè gbọ́, ẹni tí ó gbọ́ ọ ni. Abala 38 kò fàyè gba àgbọ́sọ, àfi ní àwọn ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀. Ó ṣòro láti má rí ọ̀rọ̀-ìṣe "rí" nínú "ẹ̀rí" àti "ẹlẹ́rìí".

Èyí kò sọ pé kí ẹni tí ó gbọ́ nǹkan pa ẹnu mọ́. Iṣẹ́ ọlọ́pàá yàtọ̀ sí ti adájọ́. Àgbọ́sọ lè tọ́ ọlọ́pàá sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó rí, bí ẹni tí ó mú un wá bá sọ ibi tí ó ti gbọ́ ọ. Ohun tí a bá sì mú wá, yíyẹ̀ ni a ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, wọ́n rí òkú ọmọdékùnrin kan tí a gé lórí àti ẹsẹ̀ nínú odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù, ọlọ́pàá sì sọ ọ́ ní Adam. Àyẹ̀wò egungun rẹ̀ tọ́ka sí agbègbè Ìbàdàn sí Benin. Obìnrin kan dárúkọ ọmọ náà fún àwọn oníròyìn ní ọdún 2011. Orúkọ mìíràn ni ó dá ní ọdún 2013. Ọ̀ràn náà kò tíì yanjú.

Ìdí tí ẹlẹ́rìí fi ń dákẹ́

Ẹ̀bi kò wà lọ́rùn ará ìlú nìkan. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́", ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó sì ti gbàgbọ́ pé ẹni tí ó bá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láti sọ ohun tí ó rí lè di afurasí kí ilẹ̀ tó ṣú. Àṣà mímú ìyá, ìyàwó tàbí àbúrò ní ipò ẹni tí wọ́n ń wá ni ó gbin ẹ̀rù yìí. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìṣàkóso ìdájọ́ ọ̀daràn, ti ọdún 2015, ti fi òfin de àṣà náà ní abala keje. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í kúrò lọ́kàn ní ọjọ́ tí wọ́n bá buwọ́ lu ìwé. Níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí ó rí bá ń bẹ̀rù, ẹni tí kò rí ni yóò máa sọ̀rọ̀.

Ìwúlò fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́

Nínú Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971), Ọládẹ̀jọ Òkédìjí fún òǹkàwé ní Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́ tí ń tú ìdí ọ̀ràn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ a máa retí pé gbogbo okùn yóò so kọ́ra ní orí ìkẹyìn. Ọ̀ràn Ìsọlọ̀ kò ní orí ìkẹyìn. Ó dára kí olùkọ́ fi èyí hàn wọ́n, kí ó sì fi irú gbólóhùn àfiṣàpẹẹrẹ wọ̀nyí, tí kò ti inú ọ̀ràn kankan wá, kọ́ wọn:

(a) Mo rí ọkọ̀ funfun kan tí ó sáré kọjá.
(b) Wọ́n ní ọkọ̀ funfun kan sáré kọjá.
(d) Àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ pé ọkọ̀ funfun ni wọ́n gbé wá.
(e) Ọkọ̀ funfun ni àwọn apànìyàn náà gbé wá.

Nínú (a), ojú ni ó ń sọ̀rọ̀. Nínú (b), etí. Nínú (d), èrò. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sọ ibi tí ìmọ̀ ti wá, olùwádìí sì lè lo ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó ti tọ́. Gbólóhùn (e) nìkan ni ó bọ́ àmì náà sílẹ̀. Ó dùn-ún gbọ́ ju àwọn yòókù lọ, ó sì rọrùn láti tún sọ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ọkọ̀ funfun ní àdúgbò náà ti wà nínú ewu. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gba ìròyìn ìpànìyàn kan láti inú ìwé ìròyìn, kí ó fa ìlà sábẹ́ gbogbo gbólóhùn tí ó jọ (e), kí ó sì wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Ìgúnlẹ̀

Àyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé èdè Yorùbá kò fi olùsọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìní ohun èlò. "Mo rí", "mo gbọ́", "wọ́n ní", "ó jọ" àti "àfàìmọ̀" wà nílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ sọ òtítọ́ bí ó ti mọ̀ ọ́n mọ. Ẹni tí ó bá lò wọ́n ṣe ọlọ́pàá lóore, ó gba aláìṣẹ̀ là, kò sì tan àwọn ẹbí òkú jẹ. "Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a." Ó ti lé ní ọdún méjìdínlógún báyìí tí Agbroko ti kú. Kí òtítọ́ tó lè bá irọ́, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ wà láàyè láti sọ ọ́, ọkàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ balẹ̀ pé kò séwu, àwọn tí ń gbọ́ ọ sì gbọ́dọ̀ lè dá ohùn ẹni tí ó rí mọ̀ yàtọ̀ sí ohùn ẹni tí ó he é.