Ìfikùnlukùn Kì í Ṣe Ìdúnàádúrà

Bí owó oṣù òṣìṣẹ́ bá ti di ọ̀rọ̀ ìròyìn, irú gbólóhùn kan wà tí kì í wọ́n lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn wa: “Ìjọba ti ṣe ìpàdé ìfikùnlukùn pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́, ó sì ti ṣe ìlérí owó oṣù tuntun.” Kò sẹ́ni tí kò ní gbọ́ Yorùbá ibẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́rin inú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yéni: ìjọba, ìfikùnlukùn, ìlérí, àti owó oṣù tuntun. Ẹni tó gbọ́ ọ kò lè mọ àwọn tó jókòó, ẹni tó fọwọ́ sí ìwé, àti ẹni tí yóò sanwó. Oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ ni ọ̀rọ̀ owó oṣù. Kò yẹ ká máa sọ ọ́ láìṣe pàtó. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìjọba wo?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìjọba, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀, ìpínlẹ̀ 36 ní tiwọn, ìjọba ìbílẹ̀ 774 náà ní tiwọn. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fi ọ̀rọ̀ owó oṣù tó kéré jù lọ sí ìkáwọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ nìkan, ṣùgbọ́n àpò ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni owó òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ ti ń jáde. Ẹni tó ṣòfin lọ́tọ̀, ẹni tí yóò sanwó lọ́tọ̀. Tí akọ̀ròyìn bá wá kọ “ìjọba” lásán, òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Ìkìrun lè máa retí owó tí Àbújá kò ní í san fún un.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. A ti fi ọ̀rọ̀ náà, agbanisíṣẹ́, sílẹ̀ fún àwọn oníléeṣẹ́ aládàáni, bí ẹni pé ìjọba kì í gbani síṣẹ́. Ìjọba tó ń jókòó sọ̀rọ̀ owó oṣù kì í ṣe aláṣẹ ìlú nìkan. Agbanisíṣẹ́ ni, ó sì yẹ ká pè é bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ àwọn gómìnà ló wà níbẹ̀, ká kọ “àwọn ìpínlẹ̀ tó jẹ́ agbanisíṣẹ́.” Bó bá jẹ́ Àbújá ni, ká kọ “ìjọba àpapọ̀.” Bí gbogbo wọn bá jọ jókòó sí apá kan, “ìhà ìjọba” ni ká kọ, torí bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń jókòó.

Irú ọ̀rọ̀ kan náà bá mínísítà ètò iṣẹ́. Ẹni kẹta tó dúró láàárín àwọn méjì tó ń jà ni onílàjà. Òfin ìjà iṣẹ́ fún mínísítà láyè láti yan onílàjà. Àmọ́ bí mínísítà náà bá jókòó sí ìhà ìjọba lórí ọ̀rọ̀ owó oṣù, kí a má ṣe kọ pé ó ń làjà. Ọ̀kan nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ni.

Ta ló ń fikùn lukùn, ta ló ń dúnàádúrà?

Àwọn tí inú wọn ṣọ̀kan ló ń fi ikùn lu ikùn. Ẹbí tó fẹ́ gbé ìyàwó fikùn lukùn láàárín ara wọn kí wọ́n tó lọ bá àwọn àna. Ìdúnàádúrà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni méjì tí àǹfààní wọn kò dọ́gba ló ń bá ara wọn dúnàádúrà: ẹni tó ń tà ń fẹ́ kó gbówó lórí, ẹni tó ń rà ń fẹ́ kó wálẹ̀. Agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ kì í fikùn lukùn lórí owó oṣù. Wọ́n ń dúnàádúrà ni. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìjà níbẹ̀.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé ìpàdé méjèèjì ló máa ń wáyé lórí owó oṣù ìjọba, èkínní ló sì ń pinnu bí èkejì yóò ṣe rí. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Ó yẹ kí àwọn agbanisíṣẹ́ fikùn lukùn láàárín ara wọn títí ẹnu wọn yóò fi kò, kí wọ́n tó jáde lọ bá òṣìṣẹ́ dúnàádúrà.

Ẹ wo ti Sweden. Àwọn àjọ ìjọba tó tó bíi 250 níbẹ̀ ló jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Arbetsgivarverket, ẹgbẹ́ àwọn agbanisíṣẹ́ ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994. Owó ẹgbẹ́ tí wọ́n ń dá ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ jọ pinnu ohun tí wọ́n fẹ́ àti ibi tí agbára wọn mọ, kí aṣojú wọn tó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mẹ́ta, Saco-S, OFR àti Seko, dúnàádúrà. Bí àdéhùn gbogbogbòò bá ti délẹ̀, àjọ kọ̀ọ̀kan á tún bá òṣìṣẹ́ tirẹ̀ dúnàádúrà lórí bí wọn yóò ṣe pín in.

Ẹ wá wo tiwa ní 2024. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní, ìjọba àpapọ̀ fi ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 37 lọ́lẹ̀ lórí owó oṣù tó kéré jù lọ, Bukar Goni Aji sì ni alága wọn. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ka mẹ́ta ni: ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ wà ní ẹ̀ka kan, àwọn oníléeṣẹ́ aládàáni wà ní ẹ̀ka kejì, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC àti TUC wà ní ẹ̀ka kẹta. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ₦615,000. Ìhà ìjọba bẹ̀rẹ̀ láti ₦48,000. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà, ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀; ní ọjọ́ kejì rẹ̀, wọ́n dá a dúró. Ní ọjọ́ 7 oṣù náà, ìhà ìjọba àti àwọn oníléeṣẹ́ ti dé ₦62,000, òṣìṣẹ́ wà ní ₦250,000. Ọjọ́ náà gan-an ni ẹgbẹ́ àwọn gómìnà kéde pé apá àwọn kò ká ₦60,000 pàápàá.

Àwọn ìpínlẹ̀ ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀ náà. Ẹnu ìhà ìjọba kò tíì kò nílé nígbà tí wọ́n ti ń dúnàádúrà níta. Bí ìwé ìròyìn bá pe gbogbo ìpàdé ní ìfikùnlukùn, báwo ni òǹkàwé ṣe fẹ́ mọ̀ pé ìfikùnlukùn gan-an ni kò tíì parí?

Àdéhùn, ìlérí, àti owó tí wọ́n kàn fúnni

Ẹnu ẹnì kan ni ìlérí ti ń jáde. Ẹnu méjì ló ń so àdéhùn, ọwọ́ méjì ló sì ń buwọ́ lù ú. Ní oṣù kẹwàá 2009, ìjọba àpapọ̀ àti ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, buwọ́ lu ìwé kan lẹ́yìn ìdúnàádúrà tí Gamaliel Onosode ṣe olórí ìhà ìjọba nínú rẹ̀. Àdéhùn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ àdéhùn yẹn wà lára ohun tó fa ìyanṣẹ́lódì oṣù mẹ́jọ ní 2022. Ẹni tó bá kọ pé “ìjọba kò mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ” ti dín ẹ̀ṣẹ̀ náà kù láìmọ̀. Ẹni tó yẹ àdéhùn ṣẹ̀ ju ẹni tí ìlérí rẹ̀ kò ṣẹ lọ.

Ẹ̀wẹ̀, gbogbo àfikún owó kọ́ ló ti inú àdéhùn wá. Ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ jábọ̀ ní 1974, ìjọba ológun Gowon fọwọ́ sí àfikún ńlá fún òṣìṣẹ́ ọba, wọ́n sì san ajẹsílẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ènìyàn pè é ní “owó Údójì,” orúkọ alága ni wọ́n fi pè é. Orúkọ náà bá a mu. Ìgbìmọ̀ dábàá, ìjọba fọwọ́ sí i. Irú èyí, ìpinnu ìjọba ni. Kí a má ṣe pè é ní àdéhùn.

Ìfẹnukò wà láàárín ìlérí àti àdéhùn. Ohun tí àwọn tó jókòó gbà sí lẹ́nu ni, wọn kò tíì buwọ́ lù ú. Kí a má ṣe sọ ọ́ di àdéhùn kí ìwé tó jáde.

Owó oṣù tó kéré jù lọ kì í ṣe owó oṣù tuntun

Ní ọjọ́ 29 oṣù keje 2024, Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin ₦70,000. Bí ìròyìn bá ní “₦70,000 ni owó oṣù tuntun,” ó ti ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Òfin sọ pé owó kò gbọdọ̀ kéré ju iye yẹn lọ. Kò sọ pé iye yẹn ni kí wọ́n máa san. Ìdí nìyẹn tí Èkó fi kéde ₦85,000, Ọ̀yọ́ ₦80,000, Ògùn ₦77,000, Ọ̀ṣun ₦75,000, Ondó ₦73,000. Agbanisíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wo àpò rẹ̀, kò sì sí èyí tó rú òfin nínú wọn.

Kí ni ti àwọn tí owó wọn ti ju iye yẹn lọ tẹ́lẹ̀? Tiwọn ni mo ń pè ní “àfikún ìpele òkè,” ìdúnàádúrà mìíràn ló sì ń bí i. Lẹ́yìn òfin ₦30,000 ti 2019, ìhà ìjọba àti ìhà òṣìṣẹ́ nínú ìgbìmọ̀ ìdúnàádúrà iṣẹ́ ọba tún jókòó, wọ́n sì fẹnu kò ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn: ìpele 7 gba àfikún 23.2 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ń wálẹ̀ títí dé 14 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìpele 15 sí 17. Òṣìṣẹ́ tó wà ní ìpele 12 kò jẹ àǹfààní kankan nínú ìròyìn tó kàn dárúkọ ₦30,000.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin akọ̀ròyìn àti olùka ìròyìn máa bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ owó oṣù: Ìjọba wo ló jókòó? Ṣé láàárín ara wọn ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ ni, àbí pẹ̀lú òṣìṣẹ́? Ṣé wọ́n ti buwọ́ lu ìwé? Bí ẹ bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú gbólóhùn kan, òṣìṣẹ́ tó ń gbọ́ yín yóò mọ ẹni tó yẹ kó lọ bá fún ẹ̀tọ́ rẹ̀. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó tó fún gbogbo rẹ̀. Ẹ máa lò ó.